Kí Ọmọ Tó Ṣubú Lè Dìde

Ọ̀rọ̀ tí olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì bá àwọn òbí àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà sọ ní Ìjurin-Èkìtì

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ ọ̀pọ̀ nínú yín. Láti àárọ̀ kùtù ni àwọn mìíràn ti dìde. Wọ́n ti kọ ebè, wọ́n ti ru igi, kí wọ́n tó wá jókòó síbí yìí. Síbẹ̀, ẹ mú ìwé àti bíírò yín dání. Ẹ kú ìfẹ́ ẹ̀kọ́. N kò ní pẹ́ púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ lálẹ́ òní kan àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí ilé-ìwé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìwé. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ilé-ìwé. Ọ̀rọ̀ ọkàn wọn ni. Kí ló ń mú kí ọmọ kan pàdé ìṣòro, kó ṣubú, kó sì tún dìde? Kí ló dé tí òmíràn ṣubú tí kò dìde mọ́? Kí ni ilé-ìwé lè ṣe sí i? Kí ni àwa òbí lè ṣe?

Kí n tó dáhùn, ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ tèmi.

ỌMỌ TÍ MO NÀ

Ó ti pẹ́ díẹ̀. Mo jẹ́ tíṣà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan. N kò ní dárúkọ ìlú náà. Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí mò ń kọ́. Ọmọ yìí mọ ìṣirò dáadáa. Bí mo bá kọ ìbéèrè sára pátákó, n kò tíì ní gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀ tí yóò ti nawọ́ sókè. Ṣùgbọ́n nígbà tí sáà kejì bẹ̀rẹ̀, ó yí padà. Ó ń pẹ́ dé. Ó ń sùn ní kíláàsì. Bí mo bá bi í ní ìbéèrè ìṣirò, ilẹ̀ ni yóò máa wò.

Kí ni mo ṣe? Mo mú pàṣán. Mo nà án lọ́jọ́ kìíní, mo nà án lọ́jọ́ kejì. Mo pè é ní ọ̀lẹ lójú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, wọ́n sì fi rẹ́rìn-ín. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, a kò rí i mọ́.

Ìyá rẹ̀ àgbà ló wá sí ilé-ìwé. Ó fẹ́ kúnlẹ̀ kí mi nítorí pé mo jẹ́ tíṣà. Mo sáré dá a dúró, mo sì dọ̀bálẹ̀ fún un. Ó ní, "Tíṣà, ìyá ọmọ yìí ti wà ní ilé ìwòsàn láti oṣù tó kọjá. Abà ni èmi ń gbé, n kò tètè mọ̀. Ọmọ yìí ló ń pọnmi, òun ló ń dáná fún àwọn àbúrò rẹ̀ kó tó máa bọ̀ lọ́dọ̀ yín. Mo ní kó padà wá, ó kọ̀. Ó ní ẹ na òun, ẹ ò bi òun léèrè."

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dé egungun. "Ẹ ò bi òun léèrè." N óò sọ bó ṣe parí fún yín kí n tó jókòó. Ṣùgbọ́n òun gan-an ni ìdí ọ̀rọ̀ mi lálẹ́ òní. Bí ọmọ bá yí padà lójijì, ìbéèrè ló yẹ kó ṣáájú pàṣán.

KÍ NI ÌLERA ỌKÀN?

Gbogbo wa mọ ìlera ara. Bí ara ọmọ bá gbóná, a ó fọwọ́ kàn án, a ó mọ̀. Ọkàn náà ní ìlera tirẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kò lè kàn án. Ọmọ tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ máa ń sùn dáadáa. Ó máa ń jẹun. Ó máa ń bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré. Kì í ṣe pé kì í sunkún, kì í sì í ṣe pé kì í bínú. Ohun tí à ń sọ ni pé, bí ìbànújẹ́ bá dé, kò ní gbé e lọ bí ìgbà tí àgbàrá bá gbé ewé lọ.

Àwọn àgbà ní, bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Kí ni ọmọdé ń wá níwájú? Ó ń wò ó bóyá ẹnìkan ń bọ̀ wá gbé òun dìde. Bí ó bá wo iwájú tí kò rí ẹnìkan, níbẹ̀ ni ewu wà.

Àgbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa. Ẹ wo iṣu. Nígbà tó bá hù, a ó ri igi sí ẹ̀gbẹ́ ebè fún un. Igi yẹn kì í fa ìtàkùn iṣu sókè. Ó kàn dúró síbẹ̀ ni. Ìtàkùn ni yóò wá a rí, tí yóò sì lọ́ mọ́ ọn. Bí ìjì bá jà, ìtàkùn yóò mì, ṣùgbọ́n kò ní wọ́ nílẹ̀. Bí àgbàlagbà tó dúró ti ọmọ ṣe rí nìyẹn.

OHUN TÍ A RÍ KỌ́ LÁTI ỌDÚN 1955

Àwọn àgbà inú yín mọ ìtàn ọdún 1955. Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kìíní ọdún náà, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ jẹ́ olórí rẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé-ìwé lọ́dún náà lé ní 800,000. Ohun tó jẹ àwọn òbí lógún nígbà náà ni pé kí ọmọ rí àyè jókòó, kí ó sì mọ ìwé. Ó dára bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1955 kan náà, ohun mìíràn bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀nà jíjìn. Erékùṣù kan wà ní Hawaii tó ń jẹ́ Kauai. Abẹ́ àṣẹ Amẹ́ríkà ló wà. Àwọn onímọ̀ kan pinnu láti máa tẹ̀lé gbogbo ọmọ tí wọ́n bí níbẹ̀ lọ́dún náà. Ọmọ 698 ni wọ́n. Obìnrin onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Emmy Werner ló kọ̀wé nípa wọn jù. Wọ́n tẹ̀lé wọn títí wọ́n fi pé ogójì ọdún.

Nínú àwọn ọmọ yìí, a rí àwọn tí ìyà jẹ gidigidi. Òṣì wà nílé wọn. Ìjà wà nílé wọn, tàbí ọtí, tàbí àìsàn. Gbogbo ènìyàn rò pé wọn kò ní dára. Síbẹ̀, nínú mẹ́ta-mẹ́ta wọn, ọ̀kan dàgbà di ènìyàn rere tó ń ṣiṣẹ́, tó sì fẹ́ràn ọmọnìkejì rẹ̀. Kí ni àwọn wọ̀nyí ní? Wọ́n ní àgbàlagbà kan, ó kéré tán, tó fẹ́ràn wọn tó sì dúró tì wọ́n. Ó lè jẹ́ ìyá àgbà, ó lè jẹ́ aládùúgbò, ó lè jẹ́ tíṣà. Wọ́n tún ní ohun kan tí wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe, tí wọ́n fi ń yangàn.

Ẹ gbọ́ ohun tí mo wí? Kì í ṣe ilé olówó. Kì í ṣe ilé alárìnrìn tí kò sí ìjà. Àgbàlagbà kan ṣoṣo.

Ní ilẹ̀ wa níbí náà, àwọn kan ti rí i pé ìwé nìkan kò tó. Ní ọdún 1959, àwọn Sístà ìjọ Kátólíìkì tó ń bójú tó St. Theresa's College, ní Òkè-Àdó, Ìbàdàn, rí i pé àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde kò mọ irú iṣẹ́ tí wọn yóò ṣe. Wọ́n pe nǹkan bí ogún ènìyàn tó ń ṣe oríṣiríṣi iṣẹ́ láti wá bá wọn sọ̀rọ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ka ìbẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùdámọ̀ràn ní àwọn ilé-ìwé Nàìjíríà. Bí ẹ bá gbọ́ lónìí pé olùdámọ̀ràn wà ní ilé-ìwé gíga ọmọ yín, ẹ mọ̀ pé kì í ṣe ọlọ́pàá. Ẹni tí ọmọ lè finú hàn ni.

OHUN MẸ́RIN TÍ ILÉ-ÌWÉ LÈ ṢE

Èkíní: kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ní tíṣà kan tí ó lè bá sọ̀rọ̀. Kí tíṣà náà mọ orúkọ rẹ̀, kí ó mọ ilé rẹ̀. Bí ọmọ kò bá wá fún ọjọ́ mẹ́ta, kí ẹnìkan bèèrè rẹ̀.

Èkejì: kí àyè wà fún eré àti iṣẹ́ ọwọ́. Bọ́ọ̀lù, orin, ayò, eré ìtàgé, oko ilé-ìwé, gbogbo wọn wúlò. Ọmọ tí kò gba ipò kìíní nínú ìwé lè jẹ́ ẹni tó ń lùlù jù. Ọmọ tí ìṣirò ń dà láàmú lè jẹ́ ẹni tí ewébẹ̀ rẹ̀ dára jù. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ kankan jáde láìsí ohun kan tí ó lè fi sọ pé, "Èmi náà mọ nǹkan."

Ẹ̀kẹta: kí wọ́n kọ́ ọmọ láti sọ ohun tó wà nínú rẹ̀. "Inú ń bí mi." "Ẹ̀rù ń bà mí." "Ojú ń tì mí." Ọmọ tó lè sọ pé inú ń bí òun kì í tètè ju òkúta. Kí wọ́n sì kọ́ wọn bí a ṣe ń parí ìjà, bí a ṣe ń tọrọ gáfárà, bí a ṣe ń gba gáfárà.

Ẹ̀kẹrin: kí ilé-ìwé jẹ́ ibi tí kò sí ìbẹ̀rù. Àwọn ọmọ ńlá kò gbọdọ̀ máa fìyà jẹ àwọn ọmọ kékeré. Tíṣà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ọmọbìnrin ní ọ̀nà tí kò tọ́. Bí ọmọ bá wá sọ irú rẹ̀, kí ẹ gbọ́ ọ títí dé òpin. Ẹ má ṣe sọ pé, "Pa ẹnu mọ́, kí wọ́n má baà gbọ́." Ìtìjú yẹn kì í ṣe ti ọmọ náà.

NÍGBÀ TÍ Ẹ̀RÙ BÁ DÉ

Ẹ ó rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Èkìtì wa yìí. Ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kìíní ọdún 2024, àwọn ajínigbé dá ọkọ̀ ilé-ìwé kan lọ́nà ní agbègbè Èmùré-Èkìtì. Wọ́n jí ọmọ ilé-ìwé márùn-ún gbé pẹ̀lú àwọn òṣìṣẹ́ ilé-ìwé wọn. Lọ́jọ́ kan náà, àwọn agbébọn pa ọba méjì ní Èkìtì. Gbogbo ilẹ̀ wa mì. Ní ọjọ́ kẹrin oṣù kejì, àwọn ọmọ náà gba ìtúsílẹ̀. A dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín. Bí ara ọmọ bá ti inú igbó dé, ṣé ọkàn rẹ̀ náà ti dé? Ọkàn máa ń pẹ́ lọ́nà. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lè máa ta jí lóru. Ó lè máa tọ̀ sílé lẹ́yìn tó ti fi í sílẹ̀. Bí ó bá gbọ́ ìró ọkọ̀, ó lè sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àwọn tí wọn kò jí gbé pàápàá, tí wọ́n kàn gbọ́ ìròyìn, ẹ̀rù lè bà wọ́n láti lọ sí ilé-ìwé.

Ohun tó ń ran irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ kò le láti mọ̀. Kí ohun gbogbo padà sí bó ṣe ń rí tẹ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀: àkókò oúnjẹ, àkókò eré, àkókò ìwé. Bí ó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ gbọ́. Bí kò bá tíì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ má ṣe fi dandan mú un. Ẹ má ṣe fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ má sì ṣe sọ pé, "Ọkùnrin kì í bẹ̀rù." Irọ́ ni. Ọkùnrin ń bẹ̀rù.

ÀWỌN ÌYÁ ÀGBÀ LÓRÍ BẸ́ǸṢÌ

Ẹnìkan lè sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé, "Tíṣà, èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ a, b, d, kí ni mo lè ṣe sí ọ̀rọ̀ ọkàn? Ṣé kì í ṣe iṣẹ́ dókítà ni?" Ẹ gbọ́ ìtàn yìí.

Ní orílẹ̀-èdè Zimbabwe, dókítà kan wà tó ń tọ́jú àìsàn ọkàn. Dixon Chibanda ni orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ìbànújẹ́ ń dà láàmú pọ̀, àwọn dókítà kò tó nǹkan. Ní ọdún 2006, ó pe àwọn ìyá àgbà mẹ́rìnlá ní Mbare, àdúgbò kan ní ìlú Harare. Ó kọ́ wọn bí a ṣe ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́. Wọ́n gbé bẹ́ǹṣì onígi sí ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn. Ìyá àgbà yóò jókòó, ẹni tí ọkàn rẹ̀ pòrúurùu yóò jókòó tì í. Ìyá àgbà yóò gbọ́ ọ. Lẹ́yìn náà, àwọn méjèèjì yóò mú ìṣòro kan ṣoṣo nínú gbogbo rẹ̀, wọn yóò sì wá ohun kan tó ṣeé ṣe nípa rẹ̀ kí wọ́n tó tún pàdé.

Àgbàlagbà ni wọ́n kọ́kọ́ ń tọ́jú báyìí. Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ gbé àbájáde ìwádìí jáde. Wọ́n rí i pé lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ara àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì yá ju ti àwọn yòókù lọ dáadáa. Àwọn ìyá àgbà wọ̀nyí kò lọ sí yunifásítì. Etí ni wọ́n fi ṣiṣẹ́. Ẹ̀yin náà ní etí. Bẹ́ǹṣì náà sì wà lẹ́yìnkùlé yín.

OHUN TÍ ÀWA ÒBÍ LÈ ṢE

Ojú mẹ́rin ní ń bímọ, igba ojú ní ń wò ó. Ilé-ìwé kò lè dá a ṣe. Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

Bí ọmọ bá ti ilé-ìwé dé, ẹ má ṣe bèèrè ipò tó gbà nìkan. Ẹ bi í pé, "Ta lo bá ṣeré lónìí? Kí ló dùn mọ́ ọ? Kí ló bà ọ́ nínú jẹ́?" Kí ẹ sì dákẹ́, kí ẹ gbọ́ èsì.

Ẹ má ṣe pe ọmọ yín ní olódo. Orúkọ a máa ro ọmọ.

Ẹ lọ rí tíṣà lẹ́ẹ̀kan ní sáà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe ọjọ́ ìjà nìkan. Bí ikú bá ṣẹlẹ̀ nílé, tàbí àìsàn, tàbí tí bàbá àti ìyá bá pínyà, ẹ sọ fún tíṣà. Bí ìyá àgbà ọjọ́sí bá ti rí mi ní ọ̀sẹ̀ kìíní ni, n kì bá tí mú pàṣán.

Ẹ jẹ́ kí ọmọ ṣeré. Iṣẹ́ oko dára, iṣẹ́ ilé dára. Ṣùgbọ́n ọmọ tí kò ráyè ṣeré rárá, ẹ̀ mí rẹ̀ kì í balẹ̀.

NÍGBÀ TÍ Ọ̀RỌ̀ BÁ JU AGBÁRA WA LỌ

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti sọ pé, nínú ọmọ méje tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlógún, ọ̀kan ní àìsàn ọkàn. Kì í ṣe ọ̀lẹ. Kì í ṣe èpè. Àìsàn ni, ó sì ní ìtọ́jú. Bí ọmọ kò bá jẹun, tí kò sùn, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín. Bí ó bá le, wọn yóò fi yín ránṣẹ́ sí ilé ìwòsàn ńlá, bí irú èyí tó wà ní Ìdó-Èkìtì àti ní Adó-Èkìtì.

Bí ọmọ bá sì sọ pé ó sàn kí òun kú, ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín, ẹ má ṣe nà án. Ẹ má ṣe fi í sílẹ̀ ní òun nìkan. Ẹ mú un lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an. Oògùn apakòkòrò àti oògùn koríko tí ẹ ń lò lóko, ẹ tì wọ́n mọ́ inú àpótí, kí ẹ fi kọ́kọ́rọ́ sí ọwọ́ àgbàlagbà.

BÍ Ó ṢE PARÍ

Mo ṣèlérí pé n óò parí ìtàn mi. Èmi àti ìyá àgbà yẹn jọ rìn lọ sí abà. Ọmọ náà ń bó ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Nígbà tó rí mi, ó fẹ́ sá. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo mú ọ̀bẹ, èmi náà ń bó ẹ̀gẹ́. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, mo ní, "Jọ̀wọ́, mo ṣì ọ́ nà. Ó yẹ kí n bi ọ́ léèrè." Kò fọhùn. A bó ẹ̀gẹ́ títí ó fi kù díẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀. Nígbà náà ni ó sọ̀rọ̀, kò wojú mi. Ó ní, "Tíṣà, ibo lẹ dé nínú ìṣirò?"

Ó padà wá ní ọjọ́ Ajé. A fún un láyè láti máa pẹ́ díẹ̀ títí ìyá rẹ̀ fi kúrò ní ilé ìwòsàn. Kò di ọ̀jọ̀gbọ́n. Kafíńtà ni lónìí, ó sì níyàwó, ó bímọ. Òun ló kan ilẹ̀kùn ilé mi. Ilẹ̀kùn náà pa dé dáadáa, kò sí ibi tí atẹ́gùn lè gbà wọlé, nítorí pé ó mọ ìṣirò.

Ẹ̀yin ará Ìjurin, bí ẹ bá délé lálẹ́ òní, ẹ wo àwọn ọmọ yín kí wọ́n tó sùn. Bí ọ̀kan bá wà tí ojú rẹ̀ ti yí padà láti ọjọ́ mélòó kan, ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ẹ bi í léèrè.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

1. Kí ló dé tí ọmọ inú ìtàn yìí ń sùn ní kíláàsì?
2. Kí ni igi tí a rì sí ẹ̀gbẹ́ ebè ń ṣe fún ìtàkùn iṣu? Ta ló ti ṣe irú rẹ̀ fún ìwọ rí?
3. Dárúkọ ohun méjì tí ilé-ìwé àdúgbò rẹ lè bẹ̀rẹ̀ ní sáà tó ń bọ̀.
4. Kọ ìbéèrè kan sílẹ̀ tí ìwọ yóò bi ọmọ rẹ lálẹ́ òní.